Afẹ́fẹ́ inú ilé wa: fèrèsé ṣíṣí nìkan kò tó

Àwọn tí kò tíì dé Kánádà rí máa ń rò pé yìnyín nìkan la ní níbí. Ẹni tó bá ti lo oṣù July kan ṣoṣo ní Bolton á sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ibí kì í ṣe ooru gbígbẹ bíi ti Kánò. Ooru olómi ni, irú ti Èkó, tí aṣọ máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ jọ sọ lónìí ni ti afẹ́fẹ́ tí àwa àti àwọn ọmọ wa ń mí sínú nínú ilé lásìkò ooru yìí.

Ṣebí ohun tí àwọn ìyá wa kọ́ wa ni pé ká ṣí fèrèsé. Bí ilé bá móoru, ẹ ṣí fèrèsé. Bí ilé bá ń rùn, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ó sì bá irú ilé tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo mu, nítorí pé bí ìta ṣe gbóná ni ògiri ilé náà ṣe ń gbóná. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló tún sọ pé bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ilé tá a ń gbé níbí ní apá kan tó wà nínú ilẹ̀, èyí tá a ń pè ní basement, inú ilẹ̀ sì máa ń tutù lẹ́ẹ̀rùn lójò.

Ẹ rántí ike omi tútù tẹ́ ẹ bá gbé jáde nínú fíríìjì lọ́sàn-án gangan. Kò ní pẹ́ tí omi á fi máa ṣàn lára rẹ̀. Ike náà kò jò o. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló rí ibi tútù, ló bá di ìrì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ògiri basement nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ooru ìta bá tó 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 60%, afẹ́fẹ́ yẹn á di omi lára ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bí 21°C lọ. Ògiri tó wà nínú ilẹ̀ sì lè má ju 18°C lọ. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí fèrèsé basement sílẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ ní kí atẹ́gùn wọlé, omi lẹ̀ ń pọn wọlé yẹn. Á wọ kápẹ́ẹ̀tì, á wọ mátíráàsì tó wà nílẹ̀, á wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ju ọjọ́ kan sí méjì lọ tí mould á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi tó bá rin, ìyẹn ohun dúdú tàbí aláwọ̀ ewé bí èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́.

Kí ló dé tí èyí fi kàn wá tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé wa, inú basement ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé Kánádà, torí pé ibẹ̀ lowó ilé ti rọjú díẹ̀. Màmá tó ti Nàìjíríà wá bá wa tọ́mọ, ibẹ̀ náà la sábà máa ń tẹ́ ibùsùn wọn sí. Mould máa ń fọ́n irúgbìn wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí sínú afẹ́fẹ́. Ibi tó bá rin báyìí náà ni àwọn kòkòrò kéékèèké inú mátíráàsì ti máa ń bí sí i. Àwọn méjèèjì lè ta ikọ́ fée jí lára ọmọdé. Ọmọ á máa wúkọ́ lóru, àyà rẹ̀ á máa han, a ó sì máa sọ pé ojú ọjọ́ Kánádà ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí ikọ́ tí kò lọ, ẹ sọ fún un pé basement lẹ̀ ń gbé, ẹ sì sọ bí mould bá wà lára ògiri. Dókítà kò lè mọ ohun tẹ́ ẹ ò bá sọ.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ká rà kò wọ́n. Aago kékeré kan wà tó ń wọn ọ̀rinrin inú ilé, hygrometer lorúkọ rẹ̀, ẹ máa rí i ní Canadian Tire. Iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, Health Canada, ní kí ọ̀rinrin inú ilé wà láàrin 30% sí 50%. Tí aago yín bá ń fi 65% hàn nínú basement lóṣù August, ẹ lo dehumidifier, ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́. Ẹ máa da omi rẹ̀ nù lójoojúmọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi rọ́bà so ó mọ́ ojú ihò omi tó wà nílẹ̀. Ẹ ti fèrèsé basement pa lọ́jọ́ tí ìta bá rin, kẹ́ ẹ ṣí i lọ́jọ́ tí ìta bá tutù tó sì gbẹ. A/C náà máa ń fa omi nínú afẹ́fẹ́, kì í ṣe òtútù nìkan ló ń mú wá. Ẹ fa ibùsùn kúrò lára ògiri díẹ̀, ẹ má tẹ́ mátíráàsì sórí ilẹ̀ lásán, ẹ má sì sá aṣọ tútù sínú basement.

Tí mould bá ti hù, tí kò sì ju mítà kan níbùú lóròó lọ, ọṣẹ àti omi tó láti fi fọ̀ ọ́. Ẹ fi nǹkan bo imú àti ẹnu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ dáadáa. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ má kan kun ọ̀dà lé e o. Ibi tí omi ti ń wọlé lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí kíṣìnì. Àwa tí à ń dín dòdò, tí à ń dín ata títí epo á fi yọ, tí à ń se ẹran fún wákàtí méjì, èéfín àti omi gbígbóná tiwa ju ti aládùúgbò tó ń jẹ sáńwíìṣì lọ. Fáànù tó wà lókè sítóòfù, ẹ tàn án kí iná tó gbóná, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sè tán. Ojú iná ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ lò fún dídín nǹkan, torí ibẹ̀ ni fáànù ti ń gba èéfín jù. Àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: àwọn fáànù kan kì í tú èéfín síta, wọ́n kàn ń fẹ́ ẹ padà sójú yín ni. Tó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ ní, fèrèsé kíṣìnì yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ṣí. Fáànù ilé ìwẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán lẹ́yìn ìwẹ̀.

Ọjọ́ mìíràn tún wà tí fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní títì pa pátápátá. Ní June 2023, èéfín igbó tó ń jó ní Quebec àti Àríwá Ontario bo Toronto mọ́lẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ ìlú yìí wà lára èyí tó burú jù láyé fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní July 2025. Ìjọba ní òǹkà kan tí wọ́n ń pè ní AQHI, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó sì lè kọjá 10. Tó bá ti wọ 7, kí àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée, aláboyún àti àgbàlagbà dín ìrìn ìta kù. Fílítà furnace tí wọ́n kọ MERV 13 sí lára lè gba púpọ̀ nínú èéfín yẹn, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tún furnace ṣe bóyá tiyín lè gbé e.

Ní ti ẹrù tá à ń kó bọ̀ láti ilé, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni má di ọ̀tapíápíá tàbí Sniper sínú báàgì wá síbí mọ́. Májèlé tó wà nínú Sniper, dichlorvos, ló mú kí NAFDAC ní Nàìjíríà fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́dún 2019. Nínú ilé Kánádà tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, oró rẹ̀ kì í tètè jáde. Ẹ má sì da bleach pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá o. Àwọn kan gbà pé ó máa ń mú kí ilé ìwẹ̀ tètè mọ́, àmọ́ oró tó ń jáde níbẹ̀ lè jó ẹ̀dọ̀fóró.

Káńfọ̀ ńkọ́, àwọn bọ́ọ̀lù funfun tá à ń fi sáàárín aṣọ? Púpọ̀ nínú wọn, naphthalene ni. Láàrin àwa Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá ọkùnrin, ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà G6PD tó tó. Dókítà Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láti 1964 títí dé 1974, wà lára àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tí wọ́n fi aṣọ tó ti wà nínú rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú àti ara rẹ̀ á wá pọ́n bí ìyeyè. Nínú ọmọ tuntun, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Ìyá tó bá fẹ́ kó aṣọ ọmọ látinú àpótí, kó fọ̀ wọ́n kó sì sá wọn kó tó lò wọ́n. Èyí tó sàn jù ni pé kí káńfọ̀ má wọlé rárá.

Òórùn ń ṣòfófó àwọn wọ̀nyí. Carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ní December 2008, Laurie Hawkins, ọlọ́pàá Ontario, ọkọ rẹ̀ Richard, àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì, Cassandra àti Jordan, kú nínú ilé wọn ní Woodstock nítorí pé ihò tí èéfín ibi ìdáná gáàsì wọn ń gbà jáde dí. Kò sí aláàmù carbon monoxide nínú ilé náà. John Gignac, àbúrò òbí Laurie tó ti ṣiṣẹ́ panápaná rí, kò sinmi títí Ontario fi ṣòfin lọ́dún 2013, orúkọ ìdílé méjèèjì ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Láti January 2026, òfin ti fẹjú sí i: ilé tó bá ń lo gáàsì, tàbí tí gáréèjì rẹ̀ so mọ́ ọn, gbọ́dọ̀ ní aláàmù ní àjà kọ̀ọ̀kan àti nítòsí ibi tí wọ́n ń sùn. Nígbà tí ìjì May 21, 2022 gba iná lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní gúúsù Ontario, ó mú ká rántí jẹnẹrétọ̀. Àwa tá a mọ "I better pass my neighbour" dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì, bí ilẹ̀kùn rẹ̀ tilẹ̀ wà ní ṣíṣí. Èédú tá a fi ń sun ẹran náà, ìta ni o.

Tó bá jẹ́ ilé àyágbé ńkọ́? Òfin ilé yíyá Ontario tọdún 2006 sọ pé iṣẹ́ láńlọ́ọ̀dù ni láti tún ilé ṣe, kódà bí ayálégbé bá ti rí àbùkù náà kó tó kó wọlé. Ẹ kọ ìwé sí i, ẹ ya fọ́tò ògiri, ẹ kọ déètì sí i. Tí kò bá dáhùn, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú Caledon tó ń yẹ ilé wò, tàbí kẹ́ ẹ gba Landlord and Tenant Board lọ. Ẹ má dá owó ilé dúró, torí ìyẹn lè kó yín sí wàhálà. Òfin kò sì fàyè gba kí wọ́n lé èèyàn nítorí pé ó ráhùn. Àwọn tó ń bá onílé pín kíṣìnì tàbí ilé ìwẹ̀ lò nìkan ni òfin yìí kì í sábà bò, kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn ilé náà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé lọ́dún 2020. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Olópadé wà lára wọn, tọ́jú aláboyún 324 tí wọ́n ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017 àti 2018, ó hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàrin àwọn tó gba sítóòfù tuntun bíi ti àwọn yòókù, ọmọ tí wọ́n bí sì tẹ̀wọ̀n jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, tẹ́ ẹ bá fi tọwọ́ yín ra sílíńdà gáàsì àti sítóòfù rẹ̀ fún ìyá tó ṣì ń fínná, oògùn lẹ rà fún wọn yẹn.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement yín. Ẹ fọwọ́ kan ògiri, ẹ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ tẹ bọ́tìnnì aláàmù kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ fílítà furnace tó ti dúdú. Ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú àlàáfíà la ó fi jẹ èrè iṣẹ́ wa nílẹ̀ yìí o. Ó dìgbà kan ná.