Bí A Ṣe Ń Yan Àrà tí Ọmọdé Yóò Dá Lórí Igi Tóóró

(Àpẹẹrẹ àròkọ aláàlàyé)

Bí o bá ti bá àwọn òbí rẹ lọ sí oko rí ní agbègbè Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ̀, o kò ní ṣàì mọ bí a ti ń gba orí ìtì igi kọjá odò kékeré. Ẹni tí ó bá ń sáré lè já sínú omi. Ẹni tí ó bá sì dúró pẹ́ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹni tí ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ kejì yóò tẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kìíní ni yóò dé òdìkejì láìfarapa. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ọmọbìnrin tí ń díje nínú eré òkìtì títa lórí igi tóóró nílò.

Igi náà gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, ó sì fi sẹ̀ǹtímítà 125 ga kúrò nílẹ̀. Ọmọ tí ó ń díje kò gbọdọ̀ lò ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ lórí rẹ̀. Láàárín àkókò yìí, yóò fò, yóò fi ẹsẹ̀ kan yí po, yóò tàkìtì síwájú àti sẹ́yìn, yóò sì so àrà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ láìdúró láàárín wọn. Kò sí orin, kò sí ìlù. Nígbà ọdún Igogo ní Ọ̀wọ̀, tí a kì í lu ìlù, agogo ṣì wà tí oníjó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn ara rẹ̀ nìkan ni ọmọ orí igi ní láti fi ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Kí ni ó dé tí yíyan àrà fi gba ọgbọ́n? Ọ̀nà tí a gbà ń fúnni ní máàkì ni. Láti ọdún 2006 ni ìdíje àgbáyé ti pín máàkì sí apá méjì: ọ̀kan fún bí àrà ti le tó, èkejì fún bí a ti ṣe é dáradára tó. Apá kejì yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí 10, àwọn adájọ́ á sì máa yọ kúrò nínú rẹ̀ bí àṣìṣe bá ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí ó bá so àrà tí ó le pọ̀ lè jèrè 0.1 tàbí 0.2. Ṣùgbọ́n bí ó bá já lulẹ̀, 1.0 odidi ni wọn yóò yọ. Ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ: ìṣubú kan ṣoṣo lè jẹ èrè ìsopọ̀ mẹ́wàá run. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Nítorí náà, bí a bá fi ọ́ ṣe olórí àwọn ọmọdé tí yóò tàkìtì ní ọjọ́ ìdíje ilé ẹ̀kọ́ rẹ, má ṣe kọ́kọ́ béèrè pé, "Àrà wo ni yóò ya àwọn òǹwòran lẹ́nu?" Béèrè pé, "Èwo ni ọmọ yìí lè ṣe ní ọjọ́ tí àyà rẹ̀ bá ń já?" Ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ní Ìfọ́n tàbí Ìdóàní, ẹfun àti ilẹ̀ títẹ́jú ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Fa ilà gígùn kan. Àrà tí ọmọ kò bá lè ṣe lórí ilà láìyẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé e dé orí igi. Lẹ́yìn ilà ni igi tí a tẹ́ sílẹ̀; lẹ́yìn náà ni igi tí ó ga, tí a tẹ́ fóòmù nínipọn sí abẹ́ rẹ̀, tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà sì dúró tì í. Ọrùn ọmọ kì í ṣe ohun tí a fi ń dán nǹkan wò.

Lẹ́yìn èyí, wo ibi tí àrà kan parí sí kí o tó yan èyí tí yóò tẹ̀lé e. Bí ó bá parí sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, àrà tí a fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò ni kí ó tẹ̀lé e. Bí ó bá parí pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn, èyí tí a fi ẹsẹ̀ kan gbéra ni ó yẹ. Òkìtì ẹ̀yìn tí ó rọra lọ, tí a fi ọwọ́ tẹ igi, lè ṣáájú òkìtì ẹ̀yìn tí ó yá jù ú lọ, nítorí ọ̀nà kan náà ni ara ń lọ. Ṣùgbọ́n bí àrà kìíní bá gbé ara sẹ́yìn, tí èkejì sì ń fẹ́ kí ó lọ síwájú, ọmọ náà lè ní láti kọ́kọ́ dúró. Níbi ìdúró yẹn ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀, àwọn adájọ́ kò sì ní kà á sí ìsopọ̀ mọ́.

Ohun kẹta ni ètò. Fi àrà tí ó dá ọmọ lójú ṣáájú, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Fi èyí tí ó le jù tẹ̀lé e nígbà tí agbára ṣì wà. Fi yíyí àti ijó sí àárín kí ó lè mí. Kí ó sì ṣẹ́ agbára kù fún bíbọ́ sílẹ̀, nítorí òun ni àwọn adájọ́ rí kẹ́yìn. Bí ọmọ bá sì sọ pé ẹ̀rù àrà kan ń ba òun, má ṣe pè é ní ojo. Yọ àrà náà kúrò, kí ẹ padà sórí ilà.

Àwọn ọ̀gá nínú eré náà pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Tokyo, ní ọdún 2021, Simone Biles ará Amẹ́ríkà rí i pé òun kò mọ ibi tí ara òun wà mọ́ bí òun bá ń yí lófuurufú. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìdíje. Nígbà tí ó padà wá gun igi tóóró, ó fi ìbọ́sílẹ̀ tí kò ní yíyí nínú rọ́pò èyí tí ó le jù, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. Ní Paris, ní ọdún 2024, òun àti Sunisa Lee já lulẹ̀ nínú àṣekágbá orí igi. Alice D'Amato ará Ítálì, tí kò já, ni ó gba wúrà.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tí kò bá dáwọ́ lé ohun tí ó le kò lè tayọ. Òótọ́ ni. Ọmọ ọdún 14 ni Nadia Comaneci ará Romania nígbà tí ó gba wúrà lórí igi yìí ní Montreal ní ọdún 1976. Ṣùgbọ́n ohun tí ó le náà ti mọ́ ọn lára kí ó tó gbé e wá síwájú adájọ́. Lónìí, ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ pé ọdún 16 nínú ọdún ìdíje kí ó tó lè lọ sí Òlíńpíìkì. Kí ni a wá ń fi ọmọ ọdún mẹ́wàá kánjú sí?

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ lónìí ni yóò tún gun igi lọ́la.

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́: Wò ó bí àròkọ yìí ti sọ ohun tí igi náà jẹ́ kí ó tó sọ ìdí, tí ó sì sọ ìdí kí ó tó sọ ọ̀nà. Nínú yàrá ìdánwò, kókó tí o lè ṣàlàyé yékéyéké ni kí o yàn, kì í ṣe èyí tí ó kàn dùn létí.