Ológbò Ìta Nígbà Òtútù: Ẹ Má Tẹ́ Aṣọ fún Un

Òtútù ti dé sí Ìlú Ọba. A ti gbé ẹ̀wù nínípọn wa jáde, a sì ti tan híítà, ṣùgbọ́n àwọn ológbò tí kò nílé, tí wọ́n ń rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé wa àti àgbàlá mọ́sáláṣí, ìta náà ni wọ́n ń sùn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ìyá wa a máa tẹ́ aṣọ tó ti gbó tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú páálí fún wọn. Kí Ọlọ́hun san yín lẹ́san rere. Àmọ́ aṣọ yẹn gan-an lè pa ẹranko náà lára. Aṣọ a máa fa omi mu. Bí òjò bá ti kán sí i, tàbí tí ológbò bá gbé ara tútù wọlé, aṣọ náà kò ní gbẹ mọ́, yóò máa fa ooru kúrò lára rẹ̀, nígbà tó bá sì di òru, á dì bí òkúta.

Pòròpórò àlìkámà gbígbẹ, èyí tí àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ń pè ní straw, ni kí ẹ rà. Kì í tètè fa omi, ológbò sì lè wa ara rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó hay fún yín; koríko tí ẹṣin ń jẹ nìyẹn, ó ń fa omi, ó sì ń bu.

Àpótí ike tó ní ìdérí dára ju páálí lọ. Kí ó má tóbi jù, torí ooru ara ológbò fúnra rẹ̀ ni yóò mú inú rẹ̀ móoru. Ẹ gé ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi fóòmù funfun tí wọ́n ń kó sínú páálí tẹlifíṣọ̀n tẹ́ inú rẹ̀, ẹ gbé e lé orí bíríkì, kí ẹ sì kọ ẹnu ihò náà sí ògiri kí atẹ́gùn má baà fẹ́ wọlé.

Omi mímu ń dì, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nínú abọ́ tó jìn. Ẹ má fún wọn ní mílíìkì. Ó ń ṣu ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, torí ibẹ̀ ni ológbò ń sá sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná. Bí antifreeze bá dà sílẹ̀, ẹ nù ún kíá, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣan ibẹ̀. Ìwọ̀nba tó kún ṣíbí tíì kan lè ba kíndìnrín ológbò jẹ́ títí tí yóò fi kú. Bí ẹ bá fura pé ó lá a, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ní ti àlùwàlá, hádíìsì Abu Qatadah ti fi hàn pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, omi tó sì mu kù kò bàjẹ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ kò sí nínú èyí o. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Toxoplasma lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè ṣe oyún inú ní jàǹbá. Kí aláboyún má ṣe kó o rárá. Kí ẹni tó bá máa kó o wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà.