Ìwádìí Àléébù Ìbánisọ̀rọ̀ Láàárín Àwọn Kọ̀ǹpútà Inú Ọkọ̀ Háíbírìdì ní Agbègbè Apapa, Ajegunle àti Snake Island

Ìfáárà

Erékùṣù Snake Island dojú kọ èbúté Tin Can ní Apapa. Omi ni ó là wọ́n láàárín. Láti ọdún 1977 tí wọ́n ti ṣí èbúté náà ni ó ti jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ẹnu-ọ̀nà ẹrù wọ Nàìjíríà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gbà wọlé. Ọkọ̀ háíbírìdì wà lára wọn, ìyẹn ọkọ̀ tí ó ń lo bẹntiróòlù àti iná mànàmáná pọ̀. Toyota Prius, tí ó jáde ní Japan ní ọdún 1997, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, owó lítà epo kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà sí òkè 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò yani lẹ́nu bí awakọ̀ bá ń wá ọkọ̀ tí kì í jẹ epo púpọ̀.

Ṣùgbọ́n bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọṣẹ́, àìmọ ìdí àìsàn rẹ̀ lè sọ olówó rẹ̀ di onígbèsè, nítorí pé wọ́n lè pààrọ̀ bréènì-bọ́ọ̀sì tí kò ṣe nǹkan kan. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé kọ̀ǹpútà tí kò fọhùn lè ṣàì bàjẹ́ rárá. Ó lè jẹ́ ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà ni ó dí. Nítorí náà, wíwọ̀n gbọ́dọ̀ ṣáájú pípààrọ̀.

Bí Ìròyìn Ṣe Ń Lọ Nínú Ọkọ̀

Nínú ọkọ̀ háíbírìdì, kọ̀ǹpútà kan ń bójú tó ẹ́ńjìnnì. Àwọn mìíràn ń bójú tó mọ́tò oníná, bátìrì ńlá àti bíréèkì. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, wọ́n ní láti jọ fẹnu kò: mọ́tò yóò sọ díẹ̀ lára eré ọkọ̀ di iná padà sínú bátìrì, bíréèkì gan-an yóò sì ṣe ìyókù. Ètò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ni CAN, tí ilé-iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì fi han ayé ní ọdún 1986. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti akéde ìlú. Bí akéde bá lu agogo, gbogbo ìlú ni ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó ń ṣe é. Bí kọ̀ǹpútà méjì bá sì lanu lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kókó jù yóò máa bá tirẹ̀ lọ, èkejì yóò dákẹ́ dè é.

Wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra ni ọ̀nà ìròyìn yìí. Bí ìdàrúdàpọ̀ iná láti ara mọ́tò bá kọlù wọ́n, bákan náà ni yóò kan méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni kọ̀ǹpútà sì ń kà. Rẹ̀sísítọ̀ 120 óòmù kọ̀ọ̀kan wà ní ìkángun méjèèjì.

Ohun Tí Ó Ń Fa Àléébù

Ní etí omi bí Apapa àti Ajegunle, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ àti àgbàrá òjò lè mú kí ojú ìsopọ̀ wáyà dógùn-ún. Eku lè gé wáyà jẹ. Rìwáyà tí ó tún wáyà so láìlọ́ ọ mọ́ra lè dá wàhálà sílẹ̀. Bátìrì kékeré, oní 12 fóltì, tí ó ti rẹ̀ lè mú kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ Àyẹ̀wò

Èkíní, kí a wọn bátìrì kékeré. Èyí tí ara rẹ̀ dá máa ń tó nǹkan bíi 12.6 fóltì.

Èkejì, kí a fi síkánà bi gbogbo kọ̀ǹpútà léèrè. Àmì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U jẹ mọ́ ìbánisọ̀rọ̀: U0100 ń sọ pé a kò gbúròó kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, U0293, ti ètò háíbírìdì. Ẹni tí gbogbo àwọn yòókù ń sọ pé àwọn kò gbúròó rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ṣé iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ṣé wáyà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ra?

Ẹ̀kẹta, kí a tú bátìrì kékeré, kí a sì wọn àárín ojú 6 àti ojú 14 níbi tí a ń ki síkánà bọ̀. Nǹkan bíi 60 óòmù ni ó yẹ kí a rí. Bí ó bá jẹ́ 120, ọ̀nà ti já níbì kan. Bí ó bá súnmọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kanra. Nínú ọkọ̀ tí ó ní ju ọ̀nà ìròyìn kan lọ, a ní láti wọn ìyókù lọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí wáyà bá ti kanra, kí a máa yọ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a yọ tí ìwọ̀n náà fi kúrò ní òdo ni ọ̀daràn. Bí òdo náà kò bá yí padà, ara wáyà ni kí a wá a sí.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì: wáyà aláwọ̀ ọsàn ń gbé iná tí ó lè pànìyàn. Ti Prius ọdún 2004 ju 200 fóltì lọ. Ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó lè dènà iná, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì ààbò bátìrì ńlá, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 10, ó kéré tán.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mítà lásán, tí kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bréènì-bọ́ọ̀sì, lè fi ibi tí àìsàn wà hàn. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí wọ inú ohun tí ọ̀gá mẹkáníìkì àti rìwáyà ń kọ́ ọmọṣẹ́, ní èdè tí wọ́n jọ gbọ́, kí owó oníbàárà má baà ṣòfò, kí ẹ̀mí ọmọṣẹ́ má sì bá a lọ.