Fóòmù Tí Ń Dá Ooru Dúró

Ẹni tí ó bá ti rìn dé Alábà Rago, ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Haúsá ni rago. Àgbò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ibẹ̀ mọ́ irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù pẹ̀lú, nítorí kò jìnnà sí ọjà ńlá Alábà, níbi tí wọ́n ti ń ta fíríìjì tòkunbọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo fíríìjì kan tí ó ti kú. Wọn yóò fọ́ ọ, wọn yóò mú bàbà, wọn yóò mú irin, nítorí owó ni. Nínú ògiri rẹ̀, ohun kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí gàrí elépo, tí ó sì fúyẹ́. Wọn a jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fóòmù ni. Kì í ṣe ti tìmùtìmù o, èyí le.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Òun ni kò jẹ́ kí ooru ìta wọlé. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú ògiri àti òrùlé ilé ní ìlú òyìnbó, nítorí òtútù. Lọ́dọ̀ tiwa, ó wà lára ògiri yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Ẹni tí ó bá ti sùn lábẹ́ páànù tí kò ní àjà, lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní fojú kéré ohun tí ó lè dá ooru dúró.

Ẹ wo búrẹ́dì. Bí a bá gé e, a ó rí ihò kéékèèké nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fóòmù rí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, gáàsì ni ó ń mú un wú. Gáàsì náà kì í jáde. Inú ihò wọ̀nyẹn ni ó ń gbé, òun gan-an ni ó sì ń dí ooru lọ́nà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Láyé àtijọ́, CFC-11 ni gáàsì tí wọ́n ń lò jù. Bí ó bá dé sánmà, ó lè lo nǹkan bí 50 ọdún níbẹ̀, tí yóò máa jẹ ósóònù tí ó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn. Ó tún ń mú kí ayé gbóná. Nítorí rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Montreal, ní Kánádà, ní 1987. Wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè bí tiwa ní àkókò títí di 2010 láti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ní 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé gáàsì náà kò dín kù tó bí ó ti yẹ. Ní 2019, wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ìlà-oòrùn Ṣáínà. Fóòmù ilé ni àwọn kan ń fi í ṣe ní kọ̀rọ̀, torí pé ó dínwó. Nígbà tí àṣírí tú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Èyí tí ó wà nínú fíríìjì àtijọ́ ńkọ́? Bí a bá fọ́ fóòmù náà, yóò jáde. Èyí tí ó tún burú ni pé àwọn kan máa ń fi fóòmù náà dáná sun wáyà, kí rọ́bà lè jó, kí bàbà lè kù. Àwa kò bú wọn. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: sáyánáìdì wà nínú èéfín yẹn, májèlé gidi ni. Ẹni tí ó ń dáná ni ó kọ́kọ́ ń fà á símú, lẹ́yìn náà olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn.

Wáyà ṣeé fi ọ̀bẹ bó. Ó ń falẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bàbà tí iná kò kàn máa ń lówó lórí ju èyí tó ti jó dúdú lọ. Fóòmù ni ó ṣòro. Nílùú òyìnbó, inú ẹ̀rọ tí a sé pa ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, kí wọ́n lè gba gáàsì rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí a fi fóòmù sílẹ̀ lódindi, kí a má rún un wẹ́wẹ́, kí a má sì tì í bọná.