Bí ọyẹ́ bá dé, tádìẹ ò yé mọ́: Kì í ṣe ọwọ́ ayé o!

Tó bá ti di ìparí oṣù Kọkànlá báyìí, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ariwo kan náà lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sin adìẹ sẹ́yìnkùlé n'Ísọlọ̀, láti Òkè-Afà títí dé Ìlasamàjà. Wọ́n á ní adìẹ mẹ́wàá tó ń yé ẹyin mẹ́jọ lóòjọ́, ẹyin mẹ́ta péré làwọn ń rí kó. Ẹlòmíì á ti máa wo ayálégbé ẹgbẹ́ ẹ̀ lójú burúkú pé òun ló ń jí i kó, ẹlòmíì á ní àwọn ayé ló gbéṣẹ́ dé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, òkùnkùn ni ọ̀tá ẹyin. Ní London lóṣù Kejìlá, ojúmọ́ kì í ju bíi wákàtí 8 lọ, adìẹ sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 14 sí 16 kó tó lè yé dáadáa. L'Ékòó tiwa, bíi wákàtí 12 lojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Ẹni tó bá tan iná fún wọn fún wákàtí méjì ní ìdájí, ó ṣe dáadáa, àmọ́ ìyẹn kọ́ gan-an lohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń bá adìẹ fà. Ooru ni, omi ni, àrùn ni.

Wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ká sòótọ́, adìẹ kì í làágùn, ẹnu ló fi ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ooru bá mú un lábẹ́ páànù. Oúnjẹ ò ní wù ú, omi ló máa fẹ́ẹ́ mu. Omi ló sì pọ̀ jù nínú ẹyin! Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tó wá ń ṣahun ẹ̀ sádìẹ, ara ẹ̀ ló ń ṣe. Omi tútù láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, oúnjẹ ní kùtùkùtù àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìkarahun lílọ̀ kí èèpo ẹyin lè le, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá sì ń yọ ìyẹ́ lẹ́yìn tó ti yé fún bí ọdún kan, ìsinmi ló ń ṣe, ẹ má pa á.

Ibi tọ́rọ̀ ti le ni lùkúlùkú. Kò lóògùn tó ń wò ó sàn, àjẹsára nìkan ló ń dènà ẹ̀, kọ́yẹ́ tó dé ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti fún wọn. Àrùn bọ́ọ̀dù-fúlù náà ń bẹ. Oṣù Kejì, ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń sin adìẹ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Lóṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2007, ó pa obìnrin kan l'Ékòó níbí. Ọdún 2015 ló tún padà wá.

Nítorí náà, ẹyin tó dín kù nìkan kọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tádìẹ bá ń kú lójijì, ẹ má sáré du ìyókù sínú ọbẹ̀, ẹ má sì tà á fún ẹnikẹ́ni. Dọ́kítà ẹran ni kẹ́ ẹ ké sí. Owó ẹyin ò tó owó ẹ̀mí.