Bí Ìtàn Tíì MKO Abíọ́lá Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Lọ́dọ̀ Hausa kan tó ń ta tíì àti búrẹ́dì létí títì l'Áyọ̀bọ̀, bàbá àgbàlagbà kan kọ ife tí wọ́n nà sí i. "Búrẹ́dì nìkan ni kó o fún mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi tíì pa MKO ni mi ò ti mu ún mọ́." Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ta ló fi tíì pa wọ́n?" Wọ́n ní, "Àwọn Amẹ́ríkà ni! Ṣé ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ò gbọ́ ni?" Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó dúró tì wá ní òótọ́ ni, òun rí i lórí TikTok pé obìnrin òyìnbó kan ló gbé tíì náà wá nínú báàgì.

Obìnrin tí wọ́n ń wí, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe lọ: Abíọ́lá wọlé ìbò 12 June 1993, Babangida, olórí ìjọba ológun nígbà náà, fagi lé e, Abacha tó gbàjọba lẹ́yìn náà tì í mọ́lé ní 1994, ó sì kú l'Ábújá ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Abacha ti kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, gbogbo ènìyàn sì ń retí pé Abíọ́lá máa tó jáde. Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lọ rí i. Annan fúnra rẹ̀ ló sọ pé Abíọ́lá kò mọ òun, tó ń béèrè pé níbo ni ará Íjíbítì tó wà nípò yẹn wà. Ó ti lé lọ́dún kan tí Annan ti gbapò. Ẹni tó ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord, wọn kò jẹ́ kó rí ìwé ìròyìn kà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Amẹ́ríkà dé: Thomas Pickering, Susan Rice, tó jẹ́ obìnrin tí wọ́n ń wí yẹn, àti Twaddell tó jẹ́ aṣojú wọn ní Nàìjíríà. Rice kò sẹ́ ọ̀rọ̀ tíì. Ó ní Abíọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, òun sì bu tíì tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún un. Ara Abíọ́lá kò balẹ̀, wọ́n pe dókítà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Àwọn dókítà láti Kánádà, Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó wá yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní àìsàn ọkàn tó ti pẹ́ lára rẹ̀ ni.

Ta ló wá kọ́kọ́ dárúkọ tíì? Lórí bẹ́ǹṣì Hausa oníṣáì náà, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Al-Mustapha, olórí ẹ̀ṣọ́ Abacha, ni, nígbà tó ń jẹ́rìí níwájú Ìgbìmọ̀ Oputa tó wádìí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Bàbá fárígá: "Irọ́ ni! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó máa sun táyà, ọ̀rọ̀ náà ti wà nígboro." Tíṣà ní bí Bàbá bá ti gbọ́ ọ nígbà yẹn, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Bàbá ní gbogbo ayé ló sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà, oníṣáì ló bá wọn parí rẹ̀.

Lórí ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ tíì, ti Bàbá ni mo gbè. Lóòótọ́, Al-Mustapha ní ìdí tó fi lè fẹ́ kí ojú kúrò lára ọ̀gá òun: ẹjọ́ ikú Kúdírátù, ìyàwó Abíọ́lá, ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà, kí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó dá a sílẹ̀ ní 2013. Ṣùgbọ́n ìfura sí àwọn òyìnbó ti wà nílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ní 1975 ni ìwádìí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fúnra wọn tú u síta pé CIA fi májèlé ránṣẹ́ sí Kóńgò nítorí Lumumba tó jẹ́ olórí ìjọba wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn ni wọ́n fi pa á. Nígbà tí wọ́n pa Murtala, olórí orílẹ̀-èdè wa, ní 1976, ọ̀dọ̀ aṣojú ìjọba Bìrìtìkó ni Dimka tó ṣáájú ìdìtẹ̀ náà sáré lọ pé òun fẹ́ bá Gowon sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀nyí kò ní ṣaláì fura.

Nígbà náà, ìdí fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn la ti ń jiyàn. Ẹni tí kò lówó ìwé ìròyìn á dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá parọ́, wọ́n á ṣí ojú ìwé fún un. Lónìí, fídíò ìṣẹ́jú kan ti tó ẹ̀rí. Ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ ọlọ́pàá rí ife náà lójú ara rẹ̀. Nígbà tí mo ní kó mú mi lọ bá ẹ̀gbọ́n yìí, ó ní ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn.

Èmi kò gbà pé tíì ló pa á. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn, tí wọ́n fi sí àhámọ́ fún ọdún mẹ́rin nítorí pé ó wọlé ìbò, àwọn tó tì í mọ́bẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè, ọmọ Nàìjíríà sì ni gbogbo wọn. Ìjọba fi oyè GCFR dá a lọ́lá ní 2018, wọ́n sì sọ 12 June di ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa. Kí wọ́n tẹ àbọ̀ Ìgbìmọ̀ Oputa jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba, kí àwọn ọmọ wa rí nǹkan kà.