Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìbò Amẹ́ríkà, ayọ̀ Kẹ́ńyà

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìbò Amẹ́ríkà ti sọ ọjọ́ iṣẹ́ di ọjọ́ ìsinmi rí ní Kẹ́ńyà? Nígbà tí Barack Obama wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, Ààrẹ Mwai Kibaki ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè sinmi lọ́jọ́ kẹfà oṣù náà. Ní Kogelo, abúlé bàbá Obama, tọmọdé tàgbà ló bọ́ síta jó. Ọmọ wọn ni, ẹ̀tọ́ wọn ni!

Kì í ṣe Kẹ́ńyà nìkan o: ní Thulasendrapuram, ní Íńdíà, abúlé bàbá ìyá Kamala Harris, wọ́n gbẹ́ orúkọ Harris sára òkúta ní tẹ́ńpìlì, pẹ̀lú ti bàbá àgbà rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún un níbẹ̀ lọ́dún 2024 nígbà tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, àmọ́ Donald Trump ló wọlé.

Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí Obama wọlé?